Owó Tí Mo Ná fún Orin Inú Fóònù

Abà Olóbì,
Ọ̀nà Ìkirè.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá.

Motọ́láyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni Reuben bá ọ, bó bá sì jẹ́ ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́, fúnra rẹ yan èyí tó bá a mu, mo ti kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó mú ọ dé Ajégúnlẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, o kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹni tó máa fi iṣẹ́ rẹ jẹun kò ní rí ọ gbé ṣe. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ní mo máa ń gbàgbé ìkejì. Mo ti kọ ọ́.

Ilé dúró, kò wó. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò ti dáwọ́ dúró, obì ọdún yìí kò ṣe dáadáa, kòkòrò ti ṣáájú wa dé ìdí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Reuben tó ń kó gàrí lọ sí ọjà Boundary lọ́dọ̀ yín ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, pẹ̀lú agolo kan tí mo fi téèpù dì lẹ́nu. Má tíì ṣí agolo náà. Ka lẹ́tà tán ná, nítorí bí o bá kọ́kọ́ ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní yé ọ.

Tíṣà Ese, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ti ka tẹ́ẹ̀sì rẹ fún mi. O ní kí n ta igi obì mẹ́ta tó wà létí odò, kí n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. O ní àwọn ẹ́jẹ́ǹsì Warehouse Road tó ń bá ẹ̀yin díjéè wá òde ìnáwó tí ẹ máa ti lu orin ní àwọn máa pa orúkọ rẹ rẹ́ nínú ìwé bí o kò bá san owó ìsọdọ̀tun. Mo ti gbọ́, mà á dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá mi láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé tí o kò mọ̀.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n ní kí o sanwó kí wọ́n tó bá ọ wá iṣẹ́, o rántí ohun tí mo sọ. Mo ní alárenà ni àwọn èèyàn yìí, àárín ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n dúró sí, n kò sì rí i rí kí alárenà gba iṣu kí ìyàwó tó wọlé. Ìgbà tí a bá ti bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó wọlé, tó jókòó, ìgbà yẹn là ń wá iṣu tó dáa kún apẹ̀rẹ̀ fún alárenà, bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, alárenà á yẹ̀bá. O rẹ́rìn-ín, o ní Bàbá, ti Èkó yàtọ̀. Mo ní ó dáa, o kúkú ti lọ ilé-ìwé jù mí lọ.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù dé. Tíṣà Ese kà á fún mi látòkèdélẹ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ní kí o kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, o sì ti kọ Ògúnjìmí sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi, ó ku kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní àwọn tó lè béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n, bí àna ni wọ́n máa ṣe sí ọ. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kí iná fóònù mi tán, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kó bá mi fi sí iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mò ń retí kí wọ́n pè mí, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n ní Bàbá, ọmọ yín ń ṣe dáadáa. Wọn kò pè rí. Mo ní bí wọn kò bá ti pè, a jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Kẹfà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Mo pè ọ́ láago méje àárọ̀ kí n tó lọ sóko, dípò kí fóònù máa dún bó ṣe máa ń dún, orin ló bẹ̀rẹ̀, ìlù ń lọ lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan ń kọ ọ́ pé ire òun ti dé, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Mo pe ìyá rẹ, mo ní wá gbọ́, Láyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa méjèèjì fi etí sí i. Mo tètè gé e kí n má baà dá ọ dúró, nítorí ẹni tó ń fi orin dá èèyàn lára yá kì í fẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa pè é láàárín òde. Mo pè ní ìrọ̀lẹ́, orin. Mo pè ní ọjọ́ Jímọ̀, orin. Ìyá rẹ ní ta ló ń ṣe ìnáwó láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ní ará Èkó lówó, wọ́n lè máa sìnkú ní ọjọ́ tó bá wù wọ́n, àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá sì rèé, ìgbà tí wọ́n bá ráyè ni wọ́n ń ṣe fàájì tiwọn. Ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ orin kan náà, tó sì jẹ́ pé ibì kan náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ kan sè dáadáa kì í yí i padà. Ó wò mí títí, ó sì lọ bá ewúrẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìwọ náà bá sì pè mí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wàá ní Bàbá, iṣẹ́ wà, ẹ má bínú. Mà á ní n kò bínú, máa ṣiṣẹ́ rẹ. Gbogbo àwọn tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọbìnrin mi ń gbé sípíkà kiri Ajégúnlẹ̀ bí ọkùnrin, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àní mo jẹ́ kí onígbàjámọ̀ náà gbọ́ ọ.

Ní oṣù Keje ni Rekiat wá bá mi. O mọ̀ ọ́n, ìyá Ìsìmáílà, opó tí ògiri ilé rẹ̀ fara ti tiwa, tí gbogbo abà ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ bá kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ lọ̀ ọ́ fún wọn. Ìsìmáílà ti ní kó bá òun wá owó, pé òun fẹ́ wọ ẹ́jẹ́ǹsì tí Láyọ̀ wọ̀, kí òun náà lè máa rí òde. Rekiat kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ létí mi pé alárenà kì í gba iṣu ṣáájú, kí ni kí n ṣe báyìí. Motọ́láyọ̀, bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá dúró sórí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ, èmi ò bo tèmi. Mo ní fetí sílẹ̀, mo pè ọ́, mo fi fóònù sí i létí. Ó gbọ́ orin náà, ó ń mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí mà ń ṣiṣẹ́ o. Mo ní ṣé o rí i, owó tó san ló ń so èso yẹn, ìgbàkígbà tí mo bá pè é, òde ló máa ń wà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Rekiat ta ẹ̀rọ náà fún ọkùnrin kan láti Àpòmù. Èmi ni mo bá wọn gbé e sínú mọ́tò.

Láti ọjọ́ yẹn, páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ló fi ń rin ẹ̀gẹ́. A ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó tó di pé oúnjẹ àárọ̀ délẹ̀. Mo máa ń sọ fún un láti ojú fèrèsé pé kó fara dà á, kò ní pẹ́ tí Ìsìmáílà fi máa ra tuntun fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Reuben gbé Ìsìmáílà wálé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn tó sanwó tán, kò rí òde kankan, ebi sì kì í dúró de ẹ́jẹ́ǹsì, ó bá lọ ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan, n kò mọ orúkọ ibẹ̀, n kò sì béèrè. Páálí táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ló já lé e lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ni dókítà gé. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ilẹ̀ ló ń wò, ó sì ń pè mí ní Bàbá bí ẹni pé n kò ṣe é ní nǹkan kan.

Mo ní Láyọ̀ ńkọ́, ṣebí òun ń rí òde tirẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ òsì tún báńdéèjì rẹ̀ ṣe. Mo tún béèrè. Ó ní Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n rán Láyọ̀ lóde rí. Ó ní òun náà wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n fún yín ní àdírẹ́sì kan ní Àpápá, ẹ háyà kẹ̀kẹ́, ẹ gbé sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ lọ, ìgbà tí ẹ débẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti tì pa ni ẹ bá, díjéè mẹ́rin mìíràn sì ti dúró níwájú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀. Ó ní gbogbo yín wá di mẹ́fà, ẹ ń wo ara yín nínú oòrùn, kò sí ẹnì kan tó fẹ́ jó. Ó ní nígbà tí ẹ padà lọ bá Linus, ọkùnrin tó ni ẹ́jẹ́ǹsì náà, ó ní oníbàárà ló yí ọkàn padà, pé kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, kí ẹ san owó ìdánilójú. O ta jẹnẹrétọ̀ san án. O ta sípíkà ńlá kan tẹ̀ lé e. Ìsìmáílà ní láràárọ̀ lo ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary lọ sí Warehouse Road, o ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè rí ọ bí wọ́n bá ń pín òde. Ó ní o ti rù, òun kò fẹ́ sọ bí o ṣe rù tó.

Mo yarí mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní irọ́ ni, etí mi yìí ni mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà náà ló gbé ojú sókè wò mí. Ó ní Bàbá, orin yẹn kì í ṣe Láyọ̀. Ó ní àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ló ń tà á, owó díẹ̀ lèèyàn ń san, ẹni tó bá sì pè é ló máa gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ orí ẹní ló sùn sí. N kò gbà. Tíṣà Ese ń kọjá lọ, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, ó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní Bàbá, tèmi náà ní i, ẹ pè mí. Mo pè é. Ó dúró níwájú mi, kò sí sípíkà, kò sí jẹnẹrétọ̀, pákò ló ń run, orin ìjọ sì ń kọ nínú etí mi kíkan kíkan. Mo gé e. Mo jókòó sórí àpólà igi tó wà níbẹ̀, n kò dìde títí oòrùn fi bá mi.

Mo lọ bá Rekiat, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kò kúkú mọ̀, ó sì padà sídìí páànù rẹ̀. Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Ní ti igi obì mẹ́ta náà, ọdún tí a bí ọ ni mo gbìn wọ́n, tìrẹ ni wọ́n, ó yẹ kí n bi ọ́ léèrè kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. N kò bi ọ́. Mo ti fi wọ́n dógò fún ọkùnrin Àpòmù yẹn, òun ni yóò máa ká obì wọn fún ọdún mẹ́rin, ó sì ti dá ẹ̀rọ Rekiat padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ padà, ìka kò padà. Okùn ni wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ náà kó tó dún, ó gba ọwọ́ ọ̀tún tó lágbára, Ìsìmáílà ló sì máa ń bá a fà á tẹ́lẹ̀ bó bá wà nílé. Rekiat kò lè fà á. Èmi ni mò ń lọ fà á láràárọ̀, ẹ̀yìn mi ń ké, Ìsìmáílà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ọwọ́ mi.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí: kò sí igi láti tà, bó bá sì wà, n kò ní tà á. Má san owó ìsọdọ̀tun kankan. N kò sọ pé kí alárenà ṣiṣẹ́ lásán, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni kó jẹ. Bí Linus bá rí òde fún ọ, tí o ṣe é, tí wọ́n sanwó fún ọ, kó mú tirẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì kí ọ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n alárenà tó ti jẹ iṣu yó kí ìyàwó tó dé, kí ló tún fẹ́ fi ìyàwó ṣe. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n kí o tó san owó fọ́ọ̀mù, mo sì jẹ́ kí orin gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

O parọ́ fún mi, Motọ́láyọ̀. Ó dùn mí, mà á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ìwọ pa irọ́ tìrẹ fún, ojú ló tì ọ́, èmi ni mo gbé e lọ fi sí Rekiat létí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Nítorí náà n kò ní ẹnu tí mo máa fi bá ọ wí, má sá fún mi.

Ó yá, ṣí agolo náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ gan-an kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di àná. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í gbọ́ orin olórin ká kàn nu etí ká máa lọ, a ó ná an lówó. Bí mo bá ti pè ọ́, tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, mà á mú ọgọ́rùn-ún náírà, mà á fi kan fóònù lórí bí ẹni ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí rẹ, mà á sì jù ú sínú agolo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mo gbọ́ ọ láti oṣù Kẹfà. Ẹgbàárin náírà ó lé ọ̀ọ́dúnrún ni, n kò yá a, n kò tọrọ rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ ni. Fi wọ mọ́tò wálé. Reuben ní òun á gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àpò, mo ní rárá, n kò fẹ́ kí o wọ abà yìí bí ẹni tí wọ́n ṣàánú rẹ̀. Jókòó síwájú, kí o sanwó rẹ, kí o gbé sípíkà tó kù dání.

Ọgọ́rùn-ún náírà kan wà lọ́tọ̀ tí mo so òwú pupa mọ́. Má ná ìyẹn. Rekiat ló ná an fún ọ ní ọjọ́ tó gbọ́ orin náà, ó yọ ọ́ láti ìdí ìró rẹ̀, ó ní òun náà kò lè gbọ́ lásán. Mo fẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ dá a padà fún un. N kò mọ ohun tí wàá sọ fún un. N kò mọ ohun tí èmi náà máa sọ, ṣùgbọ́n a ó jọ lọ.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà láti ilé kì í parí láìtọrọ owó, n kò sì fẹ́ ba àṣà jẹ́. Ṣẹ́ńjì tó bá kù lẹ́yìn owó mọ́tò, mú u bọ̀. Oògùn orúnkún ìyá rẹ ti tán, ẹ̀yìn tí mo fi ń fa okùn ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ róòbù.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ jù láti bọ̀ wálé. Orí tó bá ọ wá sáyé kò ní padà lẹ́yìn rẹ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ méjèèjì á pé, ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á pé, wàá fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí yóò bọ́ ọ.

Reuben á dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Sátidé, láago méje àárọ̀, mà á pè ọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tètè gé orin náà kí n má baà dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní gé e, mà á dúró títí yóò fi kọ tán, bó bá sì tán tí o kò gbé e, mà á tún pè.

Èmi ni bàbá rẹ, Ògúnjìmí, ẹni tí o kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ.